Tí àrùn bíi Kòrónà bá tún dé, kí ni káńsù wa lè ṣe tí ìlú ò fi ní tú?

Ọmọ_Ọ̀wẹ̀
Òkun o ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin ti Kàbà, Búnú, Ìjùmú, Yàgbà, Mọ́pà, ẹ̀yin Ọ̀wọ́rọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ kan ti ń yí lọ́kàn mi láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń pariwo kọ́lẹ́rà lórí rédíò, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i.

Ṣé ẹ rántí 2020? Àrùn yẹn ti wọ Nàìjíríà láti ìparí February, Èkó, Ògùn àti Abuja ti wà ní lọ́kìdáàwùn láti 30 March, ṣùgbọ́n ní Kogi tiwa ìjọba ní kò sí nǹkan tó jọ ọ́ lọ́dọ̀ wa. Àwọn NCDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dènà àrùn, wá sí Lọ́kọ́ja ní May, wọ́n ní kí àwọn àlejò náà kọ́kọ́ lọ ya ara wọn sọ́tọ̀ kí wọ́n sì ṣe àyẹ̀wò, ni wọ́n bá bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tó di 27 May, NCDC kéde ẹni méjì àkọ́kọ́ ní Kogi, Kàbà níbí náà lọ̀rọ̀ já sí. Ìjọba ní irọ́ ni. Kò pẹ́, ìjọba kan náà tó ní irọ́ ni tún kéde pé kí gbogbo Kàbà/Búnú wọlé kí wọ́n tilẹ̀kùn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjọ́ díẹ̀ sí i wọ́n ní ó ti tán, ẹ máa jáde.

Mi ò fẹ́ ká tún bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn bóyá àrùn wà abi kò sí, ẹni tó bá fẹ́ ìyẹn kó lọ ṣí tiẹ̀. Ohun tí mò ń bèèrè ni pé nínú gbogbo wàhálà yẹn, ta lẹ rí láti káńsù? Torí èmi o, ohun tí mo rí ládùúgbò wa kì í ṣe ikọ́, ìfura ni. Ẹni tó bá ti Èkó dé, wọ́n á máa na ìka sí i. Mùsùlùmí ń wo Kìrìsìtẹ́ẹ́nì, Kìrìsìtẹ́ẹ́nì ń wo Mùsùlùmí, nínú ilé kan náà tí wọ́n ti jọ ń jẹ ẹran iléyá àti ìrẹsì Kérésì o. Tí irú ẹ̀ bá tún dé ńkọ́?

ÌyáOníGààrí
Ta ni mo fẹ́ rí 😂 Ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ni mo rí. Bí ọjà tà bí ọjà ò tà, òun á dé. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní ká pa ọjà tì, kò sẹ́ni tó wá sọ fún wa lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, a ti gbé ẹrù dé kí ọkọ̀ ọlọ́pàá tó wọlé. Mi ò ní dárúkọ ọjà o. Ti gààrí tèmi ò le, gààrí kì í bàjẹ́, ẹ bá mi ro ti obìnrin tó kó tòmátì wá pẹ̀lú owó tó yá. Ó ń sunkún, ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì ti gba tiẹ̀ láàárọ̀.

Nọ́ọ̀sì_Yàgbà
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìfura tí Ọmọ_Ọ̀wẹ̀ sọ yẹn la fojú rí ní klíníkì. Ní June yẹn aláboyún ò wá mọ́, ọmọ tí ibà ń ṣe wọ́n ń rọ ọ́ lágbo nílé, torí ìròyìn ti lọ pé tó o bá ti wúkọ́ níwájú nọ́ọ̀sì, wọ́n á gbé ẹ lọ síbi tí ẹbí rẹ ò ti ní rí ẹ mọ́. Ẹni tó ń ta àkàrà fún mi ò fẹ́ fọwọ́ gba owó mi, ó ní kí n jù ú sórí tábìlì.

Márùn-ún péré ni NCDC rí kọ fún Kogi títí 2020 fi parí. Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà yẹn tàn yín, ibi tí wọn ò ti yẹ èèyàn wò, kí ni wọ́n fẹ́ kà? Àmọ́ ẹ̀rù tó wà nílẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rù èèyàn márùn-ún.

Ẹ wo Ebola 2014. Èèyàn 20 ló mú ní Nàìjíríà, 8 kú, nígbà tó fi máa di October wọ́n ní a ti bọ́. Kì í ṣe ṣọ́jà ló lé e lọ, àwọn tó ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn ni, tí wọ́n ń bèèrè ta ló fara kan ta, tí àwọn èèyàn sì ń dá wọn lóhùn. Pólíò náà, nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Àríwá kọ àjẹsára ẹ̀ ní 2003, títí àwọn ọba àti ààfáà ibẹ̀ fi dá sí i kí ilẹ̀kùn tó ṣí. August 2020, nígbà tí Kòrónà ń jà lọ́wọ́, ni wọ́n kéde pé pólíò, irú ti wild yẹn, ti kúrò ní Áfíríkà. Ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn ló ṣe pàtàkì ju ohun tó gbé dání lọ, èmi ti ń ṣiṣẹ́ yìí tipẹ́, ohun tí mo gbà nìyẹn.

Lọ́yà_Ìjùmú
Ẹ jẹ́ kí n fi òfin díẹ̀ sí i, mi ò ní pẹ́ (irọ́ ni, màá pẹ́).

Kọnstitúṣọ̀n 1999, section 7, ní ìjọba ìbílẹ̀ tí ará ìlú dìbò yàn gbọ́dọ̀ wà. Ẹ wá ṣí i lọ sẹ́yìn, sí Fourth Schedule, ibẹ̀ ni wọ́n to iṣẹ́ káńsù sí: ọjà, gáréèjì, ibi ìsìnkú, ibi ìpẹran, ilé ìyàgbẹ́ ìta, ìdọ̀tí, kíkọ orúkọ ọmọ tí wọ́n bí àti ẹni tó kú, kí wọ́n sì bá ìpínlẹ̀ dá sí ọ̀rọ̀ ìlera. Ẹ rọra tún un kà o. Ibi tí Kòrónà ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa gan-an nìwọ̀nyẹn, ọjà tí wọ́n tì lójijì, gáréèjì tí dírẹ́bà ti sọ owó di ìlọ́po méjì torí wọ́n ní kó má kó èrò kún, òkú tí wọn ò jẹ́ ká sin bó ṣe yẹ. Quarantine Act 1926 tí òyìnbó fi sílẹ̀ ni Ààrẹ gùn lé tó fi kéde lọ́kìdáàwùn, kò sí aburú ńbẹ̀ lábẹ́ òfin, ṣùgbọ́n òfin yẹn ò mọ ẹni tó ní ìsọ̀ lọ́jà Kàbà yàtọ̀ sí ẹni tó pàtẹ sílẹ̀. Abuja ò mọ̀ ọ́n, Lọ́kọ́ja ò mọ̀ ọ́n. Káńsù ló mọ̀ ọ́n, tàbí kí n sọ pé òun ló yẹ kó mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà ìbéèrè Ọmọ_Ọ̀wẹ̀ kì í ṣe ti inúure, iṣẹ́ wọn ni.

Àgbẹ̀_Alátakò
Lọ́yà, ìwé ẹ dùn ún gbọ́. Káńsù wo? Ẹni tó wà ní sẹkitéríàtì nígbà yẹn, ṣé àwa la dìbò fún un? Adelé ni wọ́n kó síbẹ̀. Ìbò ìjọba ìbílẹ̀ tiwa di 12 December 2020, ẹ̀rù àrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lójú èèyàn. Ẹ wá ro ó, ìjọba ìpínlẹ̀ ló fi ọ́ sípò, olórí ìjọba yẹn ń sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé kò sí àrùn, ṣé ìwọ lo fẹ́ wá dúró ní wọ́ọ̀dù ẹ kó o ní ẹ fọwọ́ o, ẹ bo imú o? Iṣẹ́ ẹ á lọ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Owó ńkọ́? Section 162 nínú Kọnstitúṣọ̀n kan náà ní inú àpò kan ni kí owó káńsù àti ìpínlẹ̀ jọ wà. Ẹ̀yin ẹ ti bá èèyàn tó jù yín lọ jọ ní àpò kan rí? Nígbà tí bàbá mi wà láyé, wolé-wolé máa ń gun kẹ̀kẹ́ wá sí abúlé wa, á yọjú sínú ìkòkò omi, á wo ẹ̀yìnkùlé, ìyá mi á ti gbálẹ̀ láti ìdájí torí ìtìjú. Ta ló ti rí wolé-wolé lábúlé ẹ̀ láìpẹ́ yìí? Kó kọ ọ́ síbí kí n rí i.

ÌyáOníGààrí
Wolé-wolé! Ah. Wọ́n ń bẹ̀rù wọn ju ọlọ́pàá lọ.

Òkun_Houston
Ẹ kú iṣẹ́ nílé. Mo ti ka gbogbo ẹ̀, mo fara mọ́ Àgbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká yé tan ara wa, káńsù ò lè ṣe é. Ní 2020 àwa ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tiwa dá owó jọ lórí Wásáàpù, àwọn tó wà ní Abuja, ní Èkó, ní London, ní ibí yìí. Ìrẹsì, gààrí, ìbòmú, ọṣẹ, gbogbo ẹ̀ la rà, ó dé ìlú, wọ́n pín in ní ìrọ̀lẹ́ kan, wọ́n ya fọ́tò ránṣẹ́ sí wa. Kò sí káńsẹ́lọ̀ kankan níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó jí kóńgò ìrẹsì kan. Ẹ ò rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní October yẹn nígbà EndSARS, ìwọ́de àwọn ọ̀dọ́ lórí ọlọ́pàá SARS? Káàkiri ìpínlẹ̀ ni wọ́n ti ń já ilé ẹrù tí ìjọba kó páláétíìfù pa mọ́ sí, oúnjẹ tó yẹ kó ti dé ọwọ́ èèyàn láti ìgbà lọ́kìdáàwùn. Tèmi ni pé kí a fún ẹgbẹ́ ìlú kọ̀ọ̀kan lágbára, kí káńsù máa já tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ lọ.

Emeka_Kàbà
Ẹ kú ilé o. Orúkọ mi ò jọ tiyín ṣùgbọ́n Kàbà ni wọ́n bí mi sí, Ọ̀wẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó gbọ́ Ìgbò dáadáa.

Houston, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú. Nígbà tí irú ìrẹsì bẹ́ẹ̀ dé àdúgbò tiwa, agboolé-agboolé ni wọ́n fi pín in. Àwa ò ní agboolé. Bàbá mi ti ń ta pátì ọkọ̀ níbí kí wọ́n tó dá Kogi sílẹ̀ ní 1991. Ẹni tó ń pín nǹkan kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó kí bàbá mi dáadáa, ó bèèrè àlàáfíà ìyá mi, ó sì kọjá lọ. Kì í ṣe pé ó kórìíra wa o, orúkọ wa ò sí nínú ìwé tí wọ́n fún un ni. Ṣọ́ọ̀bù ti wà ní títì, ọjà ò wọlé, àwọn ọmọ wà nílé.

Mi ò lè bínú sí ẹgbẹ́ yín, owó yín ni, èèyàn yín lẹ fún. Ṣùgbọ́n bàbá mi ń san owó ṣọ́ọ̀bù fún káńsù lọ́dọọdún. Ẹbira tó ń dáko ní Búnú, tó bá kó iṣu wá sọ́jà á san owó ọjà. Hausa tó ń ta àlùbọ́sà ń san án. Àwọn àgàtú tó ń kọ ebè fún yín, ibo ni wọ́n fẹ́ lọ tí ọ̀nà bá dí, ilé wọn jìnnà, ẹgbẹ́ ìlú wọn ò sí níbí. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ò jẹ wá ní nǹkankan. Káńsù ló jẹ wá.

Nọ́ọ̀sì_Yàgbà
Emeka, o ṣeun. Kí ẹnì kan má fi èyí ṣeré. Ẹni tí wọ́n bá yọ sílẹ̀ nínú oúnjẹ, òun náà ló máa sá pamọ́ tí ara ẹ̀ bá gbóná, torí ó ti mọ̀ pé wọn ò kà á mọ́ èèyàn.

Òkun_Houston
@Emeka òótọ́ ọ̀rọ̀ lo sọ, mi ò bá ẹ jiyàn. Ṣùgbọ́n dá mi lóhùn, tí a bá fi owó yẹn ránṣẹ́ sí káńsù, ṣé ìrẹsì á dé ọ̀dọ̀ bàbá ẹ? Àbí kò ní dé ọ̀dọ̀ bàbá ẹ, kò sì ní dé ọ̀dọ̀ bàbá tèmi náà?

Emeka_Kàbà
Kì í ṣe owó yín ni mo ní kí wọ́n gbà, ìwé orúkọ ni mò ń sọ. Kí káńsù kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń gbé wọ́ọ̀dù, ọmọ onílẹ̀ àti àlejò, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí gbogbo èèyàn ti lè kà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ pín nǹkan, ẹ fi ìwé yẹn pín in. Owó ò kúrò lọ́wọ́ yín.

Tíísà_Àgbà
Mo ti fẹ̀yìn tì, mo ráyè, ẹ fara balẹ̀ fún mi.

Ohun tí wọ́n ṣe fún Kàbà ní 2020 kì í ṣe tuntun. Ní Liberia, 20 August 2014, Ebola ń pa wọ́n lọ́tùn-ún lósì, ìjọba wọn bá fi wáyà yí àdúgbò kan ká ní Monrovia, West Point lorúkọ ibẹ̀, etí òkun, èèyàn há síbẹ̀ gan-an. Òru ni wọ́n ṣe é, ilẹ̀ mọ́ àwọn èèyàn rí ṣọ́jà. Kò sí ìkìlọ̀, kò sí oúnjẹ. Ẹ gbọ́ èyí tó dun àwọn ará ibẹ̀ jù: aṣojú ìjọba tó ń gbé láàárín wọn, ẹni tó yẹ kó dúró tì wọ́n, ṣọ́jà wá kó òun àti ìdílé ẹ̀ jáde lójú gbogbo èèyàn, wọ́n fi àwọn tó kù sílẹ̀ sínú wáyà. Ni ìlú bá gbaná. Wọ́n ń jùkò, ṣọ́jà yìnbọn, ọmọdékùnrin kan kú. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi ká wáyà kúrò, wọn ò rí nǹkan gidi kan mú níbẹ̀ àfi òkú ọmọ yẹn àti ìbínú.

Ẹ fi wé Sierra Leone lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àwọn paramount chief wọn, tí a lè pè ní ọba aládé tiwa, jókòó ṣe òfin ìlú: tí àlejò bá wọ̀ sọ́dọ̀ rẹ kí o sọ fún olórí, ẹni kankan kò gbọ́dọ̀ fọ òkú fúnra ẹ̀, ẹni tó bá rú u á san owó ìtanràn. Òfin yẹn le, àwọn kan ráhùn, àwọn kan sin òkú wọn lóru. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe é wà nítòsí, o lè lọ bá a nílé kó o bá a fa ọ̀rọ̀ náà. Ìyẹn ni Kàbà ò rí. Àṣẹ ti Lọ́kọ́ja dé, ó tún ti Lọ́kọ́ja kúrò, a ò rí ẹni tí a lè bi léèrè ìdí tó fi wá àti ìdí tó fi lọ. Bẹ́ẹ̀ ìlú tó ní ọba mẹ́ta, Ọbaro, Ọbadọfin àti Ọbajẹmu, nìyí, tí ìgbìmọ̀ ò sọnù níbẹ̀ láti ọjọ́ táláyé ti dáyé. Kí ló ṣòro nínú kí alága káńsù kọ́kọ́ wọ ààfin, kí wọ́n pe lẹ́mọ́mù, àwọn àlùfáà ìjọ, ìyálọ́jà, olórí àwọn Ìgbò, Sáríkí Hausa, olórí Ẹbira, kí ìkéde tó jáde?

Àgbẹ̀_Alátakò
Tíísà mo kí yín o, ẹ ló kọ́ mi ní Jọ́gíráfì bóyá ẹ ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ọba náà, ta ló ń san owó oṣù wọn? Ọ̀dọ̀ káńsù ló ń gbà wá. Ibi kan náà la wà.

Ọmọ_Iyamoye
Ẹ jẹ́ kí n mú ti ààlà wá, torí ẹ̀yin ará Kàbà máa ń rò pé Kàbà ni gbogbo ayé parí sí.

Ẹ mọ ọ̀nà tó ti Kàbà gba Ayetoro Gbede wá sọ́dọ̀ wa, tó bọ́ sí Ọ̀mùò Èkìtì. Lójú ìwé, Kogi nìyí, Èkìtì nìyẹn. Lójú wa, ilé àna àti ilé ìyá ni. Èkìtì ti ààlà wọn ní tiwọn láti March, ìjọba àpapọ̀ náà tún dí ọ̀nà láti ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀ ní May títí di 1 July. Ìyá ìyàwó mi kú sí Ọ̀mùò láàárín ìgbà yẹn. Ẹ ẹ̀ mọ òkú àgbà nílẹ̀ wa? Ọmọ tí kò bá sí níbẹ̀, títí tó fi máa kú ni wọ́n á máa sọ ọ́. Ìyàwó mi ní òun á lọ. Àwọn tó dúró sójú ọ̀nà, mi ò ní sọ irú aṣọ tí wọ́n wọ̀, ń gba owó, ẹni tó lówó ń kọjá, ẹni tí kò ní ń padà sílé. A gba ọ̀nà oko lórí ọ̀kadà. Nígbà tá a débẹ̀, àwọn kan ládùúgbò ò fẹ́ ká sún mọ́ wọn, wọ́n ní ìpínlẹ̀ tí wọn ò ti yẹ èèyàn wò la ti wá. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi fẹ́ bá wọn jà níbi òkú ìyá ẹ̀. Títí dòní àwọn ilé méjì kan ò kí ara wọn lórí ẹ̀.

Ohun tí mò ń sọ ni pé Abuja ò lè bójú tó irú ìyẹn. Ṣùgbọ́n káńsù Ìjùmú àti káńsù Èkìtì East lè jókòó papọ̀, ìrìn ọ̀kadà ni àárín wọn. Kí wọ́n ní tí òkú bá ṣẹlẹ̀ níhìn-ín tàbí lọ́hùn-ún, èèyàn báyìí ló lè kọjá, ọjọ́ báyìí, nọ́ọ̀sì á wo ara wọn gbóná, a ó fún wọn ní ìwé, kí ẹni tó wà lójú ọ̀nà mọ̀ pé ìwé wà, owó kọ́. Kí ẹ̀yin ará Ẹ̀gbẹ̀ náà bá ará Ẹ̀rúkù ní Kwara ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi ì bá ti gba ojú ọ̀nà lọ bí ọmọlúàbí.

Lọ́yà_Ìjùmú
Ìpínlẹ̀ ló lè bá ìpínlẹ̀ ṣe àdéhùn lórí ọ̀nà, ìyẹn kọjá káńsù. Ṣùgbọ́n ìsìnkú àti ibi ìsìnkú, ti káńsù ni. Ìwé tí o sọ yẹn, kí wọ́n kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ìwé ìsìnkú, kí gómìnà méjèèjì fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan. Mo fẹ́ràn ẹ̀.

Fijilanté_OdoEre
Èmi wà lára àwọn ọ̀dọ́ tó gé igi dí ọ̀nà ní 2020. Ẹ máa bú wa lọ. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkankan fún wa, a kàn ń rí i lórí Fésíbúùkù pé àwọn èèyàn ń sá kúrò ní Èkó, a ní ká ṣe nǹkan fúnra wa. Ọkọ̀ kan dé lóru, obìnrin tó lóyún wà nínú ẹ̀, àwọn kan láàárín wa ní kó padà, àwọn kan ní kò lè padà lóru yìí, ìjà fẹ́ bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwa tá a jọ wà nídìí igi. Pásítọ̀ kan ló jí tó wá mú obìnrin náà lọ sílé ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé káńsù ti wá bá wa ṣáájú pé ẹ̀yin ẹ dúró síbí, iṣẹ́ yín ni kẹ́ ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù, ẹ má dá ẹnikẹ́ni padà, ẹ fi hàn án níbi tó máa sùn sí, à bá ti ṣe é, ọ̀fẹ́ la ì bá ṣe é. Ọ̀dọ́ fẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n á fi kà á sí.

Akẹ́kọ̀ọ́_Índíà
Ẹ jọ̀wọ́, Índíà ni mo ti kàwé, mo wà níbẹ̀ ní 2020. Ìpínlẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ Kerala. Nígbà tí Índíà ti gbogbo orílẹ̀-èdè pa ní March yẹn, ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ilé ìdáná tí àwọn káńsù wọn, panchayat ni wọ́n ń pè é, dá sílẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kì í ṣe òṣìṣẹ́ káńsù ló ń dáná o, àwọn obìnrin àdúgbò ni, ẹgbẹ́ Kudumbashree tí ìjọba ti tò wọ́n sí láti 1998, wọ́n ti ń dá àjọ papọ̀ tipẹ́. Wọ́n tún se fún àwọn lébìrà tó ti ìpínlẹ̀ míì wá, tí wọn ò gbọ́ èdè wọn, àwọn àlejò bíi bàbá Emeka. Níbòmíràn ní Índíà ẹsẹ̀ làwọn lébìrà fi ń rìn lọ sílé lójú ọ̀nà márosẹ̀, gbogbo ayé rí i.

Nǹkan tó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn ẹgbẹ́ obìnrin yẹn ti wà nílẹ̀ kí àrùn tó dé. Àwa náà ní ẹlẹ́sùsú, a ní ẹgbẹ́ ọlọ́jà, a ní obìnrin ìjọ àti àsàlátù. Káńsù ò pè wọ́n ni.

ÌyáOníGààrí
Ẹ̀yin ọmọ yìí ẹ ti lọ Liberia, ẹ ti lọ Índíà. Ẹ padà wá sọ́jà.

Ohun tí mo fẹ́ ò pọ̀. Kí omi wà lẹ́nu ọ̀nà ọjà, ọṣẹ la lè rà fúnra wa. Kí wọ́n má ti ọjà pa, kí wọ́n fọ́n wa ká. Èkó ṣí ọgbà ilé ìwé fún àwọn tó ń ta oúnjẹ nígbà yẹn, mo gbọ́ ọ lórí rédíò, Kàdúná náà ṣe é. Ilé ìwé wà ní títì, pápá gbòòrò, kí oníṣu wà lọ́hùn-ún, kí oníẹja wà níbí. Kí tíkẹ́ẹ̀tì dúró títí ọ̀rọ̀ á fi rọlẹ̀. Kí wọ́n sì sọ fún ìyálọ́jà tó bá ku ọjà kan. Ìyálọ́jà ò nílò lẹ́tà, tó bá ti gbọ́ láàárọ̀, tó bá di ọ̀sán ẹni tó wà lóko ti gbọ́.

Nọ́ọ̀sì_Yàgbà
Ìyá ti sọ ọ́ tán. Mo fẹ́ fi ti abẹ́rẹ́ kún un. January 2021, gómìnà ìgbà yẹn sọ ọ́ nínú fídíò tí gbogbo èèyàn wò pé abẹ́rẹ́ náà fẹ́ pa èèyàn. March, abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ wọ Nàìjíríà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù mẹ́rin. Nígbà tó wá dé klíníkì tiwa, èèyàn ò wá, a jókòó a ń wo ojú ara wa. Ọjọ́ tí pásítọ̀ kan àti ààfáà kan jọ wá, tí àwọn méjèèjì jọ ká apá aṣọ sókè lójú gbogbo èèyàn, làwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Àwa nọ́ọ̀sì la lọ bẹ̀ wọ́n nílé, pẹ̀lú owó ọ̀kadà ara wa. Ẹni tó ń bójú tó ìlera ní káńsù ló yẹ kó ṣe ìyẹn, kí ó ti ní nọ́ńbà gbogbo wọn lọ́wọ́ kí àrùn tó dé.

Àgbẹ̀_Alátakò
Ó dáa, mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé owó. 11 July 2024, Supreme Court ní kí owó káńsù máa lọ sọ́wọ́ káńsù tààrà, káńsù tí a dìbò yàn nìkan. Ìdá 20.60 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń yà sọ́tọ̀ fún gbogbo káńsù 774 nínú owó àpapọ̀. Ẹjọ́ ti dá, a sì ti dìbò tiwa ní October ọdún yẹn, a mọ bí ìbò yẹn ṣe rí, ẹgbẹ́ kan ló kó gbogbo ẹ̀. Alága tó mọ̀ pé kì í ṣe àwa la gbé òun débẹ̀, ṣé tiwa ló máa gbọ́?

Tíísà_Àgbà
Ọmọ mi, ìwé orúkọ tí Emeka ń bèèrè, kí ni iye owó rẹ̀? Bébà, gègé àti tíísà tó ti fẹ̀yìn tì tó ráyè. Omi ẹnu ọ̀nà ọjà ńkọ́? Jíjókòó ní ààfin ńkọ́? Ìwọ mú gbogbo ẹ̀ lọ sórí owó kí ó lè dà bíi pé kò ṣeé ṣe.

Àgbẹ̀_Alátakò
Tíísà ẹ fẹ́ nà mí lórí íntánẹ́ẹ̀tì 😂

Ọmọ_Ọ̀wẹ̀
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù tiwa ń ṣe ìpàdé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ gọ́tà ni. Mo fẹ́ mú nǹkan mẹ́ta lọ: ìwé orúkọ gbogbo olùgbé, omi lẹ́nu ọ̀nà ọjà, àti kí wọ́n kọ orúkọ ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ nísinsìnyí, tí ìyálọ́jà, lẹ́mọ́mù, pásítọ̀, olórí àwọn àlejò, nọ́ọ̀sì kan àti ọ̀dọ́ kan máa wà ńbẹ̀. Ta ló máa bá mi lọ? Mi ò fẹ́ dá nìkan dìde, wọ́n á ní mò ń wá ipò.

Emeka_Kàbà
Èmi máa wá. Àmọ́ ṣé ẹni tí kò ní agboolé lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀?

ÌyáOníGààrí
Wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ká rí ẹni tó máa ní kó o dìde.

Àgbẹ̀_Alátakò
Ọjọ́ wo ni, aago mélòó? Tó bá jẹ́ àárọ̀, oko ni mo wà. Ẹ fi sí ìrọ̀lẹ́ kí èmi náà rí wá bá wọn jiyàn.